Ọ̀já Ló Já, Bàtà Ò Tíì Kú

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe bàtà tí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ máa ń wọ̀, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àtẹ́lẹ̀ bàtà náà, tí wọ́n fi ike líle tàbí káábọ́ọ̀nù ṣe, lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsán. Ara rẹ̀, ì báà jẹ́ awọ gidi tàbí awọ àtọwọ́dá, kì í tètè ya. Ṣùgbọ́n ọ̀já pẹlẹbẹ tó ń fún bàtà mọ́ ẹsẹ̀, àti bọ́kùlù kékeré tó ń di ọ̀já náà mú, kì í bá wọn kalẹ́. Ẹni tó ni ín yóò fà á lọ́jọ́ kan, yóò sì já sí i lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé wọ́n á gbé bàtà náà jù, wọ́n á lọ ra òmíràn. Ní tèmi o, ìnákúnàá ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀já tó já ṣe é tún ṣe nílé, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kò lé ní ìwọ̀nba, bí ẹni tó fẹ́ ṣe é bá ti gbà pé rírán àti dídè ni yóò tún un ṣe, kì í ṣe fífi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọ̀já fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Bàtà eléré kẹ̀kẹ́ kì í ṣe bàtà ìrìn. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le koránkorán, kò ṣe é ká, nítorí wọ́n fẹ́ kí gbogbo agbára ẹsẹ̀ wọ inú pẹ́dà láìṣòfò. Ìkọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa ń há sẹ́nu pẹ́dà. Bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ já a gbà, yóò yí gìgísẹ̀ síta. Ilé iṣẹ́ Look ní ilẹ̀ Faransé gbé irú pẹ́dà yìí jáde fún kẹ̀kẹ́ eré lọ́dún 1984. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bernard Hinault fi gba ìdíje Tour de France, àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ṣáájú ìgbà yẹn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí pẹ́dà ká ni wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí awọ yẹn kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ sọ́rùn bàtà. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ pẹ́dà sísàlẹ̀, ọ̀já kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń fa pẹ́dà sókè, bóyá lójú òkè tàbí nígbà tí eléré bá dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́ láti sá eré àsákẹ́yìn, ọ̀já ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ kúrò nínú bàtà. Ẹni tó ń yí pẹ́dà ní ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀já rẹ̀ ti le, ó sì ti dẹ̀, ní ìgbà 4,800 kí wákàtí kan tó pé. Èyí tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tó wá já, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Okùn bàtà lásán náà lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kódà ilé iṣẹ́ Giro dá a padà sórí bàtà eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n pè ní Empire ní 2013, àwọn èèyàn sì rà á. Àmọ́ okùn lásán kò ṣe é fún tàbí dẹ̀ lórí ìrìn, ẹnu rẹ̀ sì lè há sínú ṣéènì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà mẹ́ta mìíràn fi gbòde. Velcro lèkíní. George de Mestral, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, ló ronú kàn án ní 1941, nígbà tó ń já èèmọ́ kúrò lára aṣọ rẹ̀ àti nínú irun ajá rẹ̀. Ó wò ó fínnífínní, ó rí i pé ìkọ́ wẹ́wẹ́ ló wà lára èèmọ́ náà. Apá kan Velcro jẹ́ ìkọ́, apá kejì jẹ́ òwú tó ká kórókóró tí ìkọ́ yẹn ń há sí. Èkejì ni ọ̀já eléyín: ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí eyín to sí lára, tí bọ́kùlù tó ní ahọ́n onísìpíríǹgì ń gùn láti eyín kan dé òmíràn. Ẹ̀kẹta ni Boa, tí Gary Hammerslag dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001; wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún bàtà àwọn tó ń ṣeré lórí yìnyín kí ó tó dé orí kẹ̀kẹ́. Bọ́tìnnì roboto kan ni, tí èèyàn ń lọ́, tó ń ká wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ara rẹ̀.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń ba ọ̀já eléyín jẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Náílọ́ọ̀nù máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Bí omi bá wà lára rẹ̀, á rọ̀, á ṣe é tẹ̀. Bí ó bá gbẹ tán, tí oòrùn sì ti ń pa á tipẹ́, á gan, á sì kán síbi tó ti máa ń tẹ̀. Ibẹ̀ náà kò ṣòroó mọ̀: ibi tí ọ̀já ti kúrò lára bàtà ni, tó fi ń lọ wọ ẹnu bọ́kùlù. Kí ó tó kán, ó máa ń fi ìlà funfun kan hàn lójú ibi tó ń tẹ̀ náà. Eyín rẹ̀ pàápàá kì í jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kan ni èèyàn máa ń fún bàtà dé lójoojúmọ́, nítorí náà eyín méjì tàbí mẹ́ta kan náà ló ń gbé gbogbo ìyà, tí àwọn tó kù á sì wà bí wọ́n ṣe jáde láti ilé iṣẹ́. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ gbígbẹ ń wọ inú bọ́kùlù, wọ́n ń há sábẹ́ sìpíríǹgì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ẹsẹ̀ sì ni bọ́kùlù wà, òun ni ilẹ̀ kọ́kọ́ ń bá pàdé bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú. Kódà bàtà tí wọ́n tọ́jú sínú páálí kò bọ́: bí ọ̀já rẹ̀ bá jẹ́ awọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi polyurethane ṣe, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bó tàbí kí ó ya. Nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí a ti dárúkọ àtẹ́lẹ̀, kò sí ibi tí a ti dárúkọ ara bàtà. Ojú kan ṣoṣo ni àìsàn náà mọ sí, ohun tó sì mú mi sọ pé àtúnṣe ló tọ́ sí i nìyẹn.

Kí a tó mú irinṣẹ́ kankan, ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣe é gan-an, torí bọ́kùlù mìíràn kò bàjẹ́ rárá, ìdọ̀tí ló dí i lẹ́nu. Ẹ fi omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá gbé apá bọ́kùlù sókè, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ahọ́n kékeré inú rẹ̀. Bí ó bá dìde, tó sì padà sáyè rẹ̀ pẹ̀lú ìró ‘kẹ́’, sìpíríǹgì rẹ̀ yá gágá. Bí ó bá ń lọ́ra padà, òróró díẹ̀ tó ṣàn dáadáa yóò tó o. Ẹ má fi gírísì tó ki sí i, torí iyanrìn ni gírísì ń kó jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọ̀já bọnú bọ́kùlù láìwọ bàtà, kí ẹ máa fi ọwọ́ fà á sẹ́yìn ní eyín kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń yọ̀ níbì kan, tó sì ń dúró níbòmíràn, eyín ọ̀já ló ti jẹ. Bí ó bá ń yọ̀ níbi gbogbo, ahọ́n bọ́kùlù ni. Ẹni tí eyín méjì péré jẹ fún lè má ná kọ́bọ̀: lára àwọn bàtà kan, ìdí ọ̀já ní ihò méjì tàbí mẹ́ta, èèyàn lè sún un sí ihò kejì kí eyín tí iṣẹ́ kò tíì kàn wá máa gbẹ́rù. Ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà tó nípọn díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ náà lè sún ojú ibi tí bàtà ń dé, bí ẹsẹ̀ bá gbà á láyè.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ti kán ni, ohun tó kàn ni kí a wo bí wọ́n ṣe so ó mọ́ ara bàtà. Bí síkúrù bá ni, iṣẹ́ ti bùṣe: ẹ tú u, ẹ fi tuntun sí i, ó parí. Ilé iṣẹ́ Sidi, tí Dino Signori dá sílẹ̀ ní Ítálì ní 1960, gbajúmọ̀ fún èyí. Bọ́kùlù, ọ̀já, kódà ike gìgísẹ̀ àwọn bàtà wọn kan ló ṣe é tú, wọ́n sì ń tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àmọ́ rífẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ pa ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí kò ní ojú tí a lè fi tú u. Ibí yìí ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pami, tí wọ́n á ní kò ṣe é ṣe mọ́. Ó ṣe é ṣe.

Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà kúrò, kí ẹ fi ìka wá orí rífẹ́ẹ̀tì láti inú. Nígbà mìíràn aṣọ ló bò ó. Ẹ fi abẹ tú òwú díẹ̀ lójú ìrán rẹ̀, kí ẹ ṣí aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gé e. Ẹ ki pákó pẹlẹbẹ kan sínú bàtà kí ẹnu dírìlì má baà gún odì kejì. Orí rífẹ́ẹ̀tì nìkan la fẹ́ jẹ kúrò, a kò fẹ́ fẹ ihò bàtà. Nítorí náà, ẹ fi ẹnu dírìlì mílímítà 2 dá ojú sí àárín orí rẹ̀ ná, kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó jẹ́ mílímítà 4. Bí rífẹ́ẹ̀tì bá ń bá dírìlì yí, ẹ fi píláyà di orí kejì mú. Ẹ má kánjú. Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ sinmi kí irin tutù, ẹ tún jẹ ẹ́. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò jù máa ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 220 sí 265 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì máa ń rọ̀ tipẹ́ kí ó tó yọ́. Irin tó gbóná lè sọ ihò kékeré di ihò ńlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Bí orí rífẹ́ẹ̀tì bá ti já, ẹ fi ìṣó tí ẹnu rẹ̀ kò mú ti ìyókù jáde.

Ohun tí yóò rọ́pò rífẹ́ẹ̀tì ni síkúrù alápá méjì, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe bẹ́líìtì àti báàgì ń lò, tí apá kan ń wọ inú èkejì, tí orí méjèèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí kò bá sí, bólùtù mílímítà 4 pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ náà. Orí tó tẹ́ ni kó wà nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kí nọ́ọ̀tì wà níta; ẹni tó bá ṣe é ní òdìkejì, egbò ẹsẹ̀ ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ẹ fi wáṣà tó fẹ̀ há àárín orí síkúrù àti ara bàtà, torí wáṣà ló ń pín ẹrù kí síkúrù má baà ya ihò náà kọjá. Ẹ dè é títí bọ́kùlù kò fi ní mì mọ́, ẹ má dè é títí ara bàtà yóò fi rì wọlé. Gbígbọ̀n ojú ọ̀nà máa ń tú síkúrù, nítorí náà ẹ kán gọ́ọ̀mù tí àwọn mẹkáníìkì fi ń di ojú bólùtù sí i. Ọ̀dà èékánná àwọn obìnrin náà lè dípò rẹ̀. Ẹ fi ayùn irin gé èyí tó bá yọ síta, ẹ fi fáìlì kùn ún kó má baà ya ẹsẹ̀ kejì, kí ẹ wá lẹ awọ rírọ̀ pélébé kan bo orí síkúrù nínú bàtà. Ibi tí gọ́ọ̀mù ti wúlò gan-an nìyí, nítorí kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀.

Níbo la ti máa rí ọ̀já tàbí bọ́kùlù tuntun? Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe bàtà náà. Bí wọn kò bá ní i, bàtà àtijọ́ tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti sán ni ìṣura tó kàn, ohun tó sì yẹ kó mú kí àwọn ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ ní àpótí kan tí wọ́n ń kó irú ẹ̀ sí nìyẹn. Ọ̀já bàtà onítáyà tí àwọn ọmọdé fi ń yọ̀ lórí kọnkéré náà ní eyín, bí ìbú rẹ̀ àti àlàfo àárín eyín bá bá bọ́kùlù mu. Ẹ rántí pé bọ́kùlù ẹsẹ̀ ọ̀tún kì í sábà bá ti òsì mu. Apá rẹ̀ ni yóò kọjú sí ibi tí kò yẹ.

Velcro rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò lẹ̀ mọ́ kò tíì kú dandan. Irun, òwú àti èérí ló sábà kún inú ìkọ́ rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ yọ wọ́n, yóò yà yín lẹ́nu bí yóò ṣe padà di ara wọn mú. Ṣùgbọ́n bí apá tó jẹ́ òwú bá ti pá, kò sí ohun tí fífọ̀ lè ṣe, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń rán lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò aránṣọ, ẹ má ra èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ẹ wo apá tí ìkọ́ wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi tuntun síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Òwú náílọ́ọ̀nù tàbí ti polyester tó nípọn ni kí ẹ fi rán an, tí ẹ ti fi àbẹ́là pa lára kó lè máa yọ̀ lójú ihò. Òwú lásán kò dára, òógùn ẹsẹ̀ á jẹ ẹ́ rà. Bí ẹ bá lè gba inú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ kọjá, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ihò tuntun ló ń sọ ọ̀já di aláìlágbára. Ẹ rán an yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ tún gba àárín rẹ̀ kọjá láti igun dé igun. Bí ọ̀já fúnra rẹ̀ bá já nídìí, okùn pẹlẹbẹ báàgì ẹ̀yìn àwọn ọmọ ilé ìwé lè rọ́pò rẹ̀: ẹ fi iná ìṣáná jó ẹnu rẹ̀ kó má baà tú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gun orí ara bàtà tó sẹ̀ntímítà 3 kí ẹ tó rán an. Bí ó bá jẹ́ òrùka irin tí ọ̀já ń gbà kọjá ló kán, òrùka báàgì tí ìbú rẹ̀ bá dọ́gba yóò ṣe é.

Ti Boa kò gba àlàyé púpọ̀. Wáyà tó já kò ṣe é ta ní kókó, bọ́tìnnì tó sán kò ṣe é lẹ̀. Àmọ́ ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí pé bọ́tìnnì àti wáyà wọn yóò pẹ́ tó bàtà tí wọ́n wà lára rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ohun àtúnṣe ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Ẹ béèrè.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa sọ pé, kí ni gbogbo wàhálà dírìlì àti abẹ́rẹ́ yìí wà fún nígbà tí súpágúlúù wà nílé? Súpágúlúù kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Harry Coover bá èròjà rẹ̀ pàdé ní 1942 lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí ní ilé iṣẹ́ Eastman Kodak, ó sì di ọjà títà ní 1958. Ohun tó lè dì mú pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀já bàtà kò sí lára wọn. Bí a bá lẹ nǹkan méjì pọ̀, tí a fà wọ́n ní ìfà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo ojú ibi tó lẹ̀ ló jọ ń gbé ẹrù. Bí a bá ń ṣí i láti etí, etí yẹn nìkan ló ń dá gbé e. Bí ó bá yẹ̀, ẹrù á bọ́ sórí etí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi ṣí tán. Ṣíṣí láti etí ni ẹsẹ̀ ń ṣe sí ọ̀já ní gbogbo ìgbà tó bá fà á sókè. Súpágúlúù tún máa ń gan bí ó bá gbẹ, ọ̀já sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀. Kò sì fẹ́ràn irú àwọn ike kan, bíi polyethylene àti polypropylene, rárá. Ẹ tún kíyè sí èyí: bí ó bá kán sára òwú lásán, ó lè gbóná débi tí yóò fi jó awọ ara, nítorí náà ẹ má ki òwú ìtọ́jú egbò bọnú rẹ̀ láti fi dí ihò, bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà, tí kì í gan, sàn jù ú lọ. Ó dára láti fi di nǹkan sójú kan kí abẹ́rẹ́ tó débẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ ni, kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ewu. Bí ọ̀já tí a fọwọ́ ara wa tún ṣe bá já lójú eré ńkọ́, nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn? Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé síkúrù pẹ̀lú wáṣà kò rọ ju rífẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, bí a bá dè é dáadáa. Ọ̀já tó ti ní ìlà funfun, tí ẹni tó ni ín ṣì ń gbé kiri, léwu jù ú lọ fíìfíì. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé àtúnṣe lọ sójú títì láìdán an wò. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ẹ wọ bàtà, ẹ fún un, ẹ kọ́ ọ mọ́ pẹ́dà, kí ẹ wá fa ẹsẹ̀ sókè tagbáratagbára lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ yí gìgísẹ̀ síta láti rí i pé ẹsẹ̀ ṣì ń já gbà bó ṣe yẹ, tí orí síkúrù kankan kò kọ́ ara kẹ̀kẹ́. Ẹ tún wo ọ̀já bàtà kejì, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Àmọ́ ó níbi tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ọ̀já ti tán. Bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti sán, tàbí tí ojú ihò tí wọ́n fi de ìkọ́ abẹ́ rẹ̀ ti jẹ, tàbí tí ara rẹ̀ ti ya yí ìdí ọ̀já ká débi tí wáṣà kò rí ibi jókòó sí, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ní ti owó, àwọn bàtà tó gbówó lórí jù ń ju dọ́là 400 lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí síkúrù méjì, wáṣà méjì àti òwú ná èèyàn kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tí àkókò kò sí fún, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́, kó gbé e lọ fún aránbàtà. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn tó ń lu àpótí wọn kiri àdúgbò ní abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu, tó lè gún ohun tí ẹ̀rọ ìránṣọ ilé kò lè gún. Kìkì pé kí ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má gún àtẹ́lẹ̀ káábọ́ọ̀nù, torí ihò abẹ́rẹ́ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ilẹ̀ Faransé tilẹ̀ ń sanwó fún irú èyí: láti oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìjọba ti fọwọ́ sí ètò kan tó ń dín owó kù fún ẹni tó bá gbé aṣọ tàbí bàtà lọ fún alátùn-únṣe tó wà nínú ètò náà, láti Euro 6 sí 25, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ náà bá ṣe tó.

Ibi tí mo bá àwọn tó ń ṣàtakò gbà ni pé kò yẹ kó le tó báyìí. Kò sí ohun tó ní kí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì pa ohun tó dájú pé yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, nígbà tí àwọn mìíràn ti fi síkúrù ṣe é fún ọdún pípẹ́ láìsí ìpalára. Òfin àtúnṣe tí Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2024 dárúkọ ẹ̀rọ ìfọṣọ, fìríìjì àti fóònù, ó tilẹ̀ kan bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná; kò dárúkọ bàtà. Títí òfin yóò fi débẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń ra bàtà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí tuntun lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta ọ̀já àti bọ́kùlù rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ sì tọ́jú rìsíìtì, torí bí ó bá já nígbà tí ìdánilójú ilé iṣẹ́ ṣì wà, àwọn ni wọ́n ni àtúnṣe yẹn, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Bí òkìríkà ni, kò sí rìsíìtì, kò sí ẹni tí ẹ máa padà lọ bá. Ẹ tẹ ọ̀já rẹ̀ wò fún ìlà funfun, ẹ ka eyín rẹ̀ tó ti jẹ, ẹ yí bọ́kùlù síta kí ẹ wò bóyá síkúrù ló dè é tàbí rífẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi èyí ná an wálẹ̀. Èyí tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá ṣì le, tí ọ̀já rẹ̀ nìkan ti já, ẹ rà á.